Sílábù, irin tàbí páìpù: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ tún títì àdúgbò ṣe kí akàndá ẹ̀dá lè gbà á

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi.

Àdúgbò wa ní Kabba, ní ìpínlẹ̀ Kogí, dá owó jọ láti tún títì kan ṣoṣo ṣe, láti etí títì ńlá dé ẹnu ọjà. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó, ní Àbújá àti lókè òkun fi tiwọn ránṣẹ́. Wọ́n fi mí sínú ìgbìmọ̀ tí yóò pinnu ohun tí a ó fi owó náà ṣe, torí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gun kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́. Ìpàdé àkọ́kọ́ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan fẹ́ intalọ́ọ̀kì torí pé ó ń rẹwà nínú fọ́tò. Ẹlòmíràn ní kọnkéré ni. Bàbá kan tó ti gbé Èkó rí ní afihàn ọ̀làjú ni afárá ẹlẹ́sẹ̀, kí a kọ́ ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó dárúkọ gọ́tà.

Gọ́tà ni èmi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ń ṣe é fún. Ẹ má sì bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo ń lò. "Akàndá ẹ̀dá" ni mo máa kọ jù, ó ti di ọ̀rọ̀ tí rédíò ń lò. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní arọ láì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní ọ̀rọ̀ kọ́ ló ń dá òun dúró lọ́nà, gọ́tà ni.

Ẹ wọn kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó wọn ọ̀nà

Ìlànà tí àwọn èèyàn ń wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àga oníkẹ̀kẹ́ ti òyìnbó ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ní kí ọ̀nà má kéré sí sẹ̀ǹtímítà 91, kí ibi tí èèyàn yóò ti yí kẹ̀kẹ́ padà sì tó mítà kan ààbọ̀. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fẹ̀ tó mítà 2 níbi tí àyè bá wà. Àga tí wọ́n ń fúnni nílé ìwòsàn yóò gba èyí àkọ́kọ́ kọjá wẹ́rẹ́.

Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ àwọn tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú nígbà èwe, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ni wọ́n ń gùn, èyí tí wẹ́dà ń jó pọ̀. Ní ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé irú àrùn náà tó ń jà káàkiri láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ti kúrò ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n àwọn tó ti mú ṣì wà láàrin wa, wọ́n sì ń dàgbà. Mo fi téèpù wọn kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 86, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 75. Nínú ọ̀nà tó fẹ̀ ní 91, àyè tó kù fún un ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju àtàǹpàkò lọ. Kò sì lè yí po nínú mítà kan ààbọ̀. Yóò lọ síwájú, yóò fà sẹ́yìn, yóò tún lọ síwájú, bíi tírélà tó ṣì ọ̀nà.

Nítorí náà, tí àdúgbò yín bá ní irú kẹ̀kẹ́ yìí, mítà kan àti díẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, kí ẹ wá rí i pé ibì kan wà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó fẹ̀ tó mítà 2, kí èèyàn méjì lè yà fún ara wọn. Àwọn yòókù tí ẹ ó rántí: ìyá àgbà tí rọpárọsẹ̀ mú tó ń fi ọ̀pá rìn, ọ̀dọ́ tí ọ̀kadà gé lẹ́sẹ̀ tó ń fi igi abẹ́ apá méjì rìn, afọ́jú pẹ̀lú ọ̀pá funfun, àti adití tí ẹ lè fun fèrè fún títí kí ilẹ̀ fi ṣú.

Gọ́tà: ohun mẹ́ta tí ẹ lè fi bò ó

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Láti Kabba dé Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀pọ̀ àdúgbò wa ni kò ní ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kankan. Ọlọ́kọ̀ ló ni títì, oníṣọ́ọ̀bù ló ni iwájú ilé, gọ́tà ló wà láàrin àwọn méjèèjì. Ẹ kò lè wó ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni, ẹ kò sì lè gba títì lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Gọ́tà nìkan ni ilẹ̀ tí ẹnì kankan kò bá yín du. Bí ẹ bá bò ó dáadáa, tí ẹ ka ògiri rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn, ẹ ti rí ọ̀nà tó tó mítà kan láì bá ẹnikẹ́ni jà. Bí ẹ bá bò ó ṣákálá, pàkúté lẹ dẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi mọ pàkúté náà dáadáa. Ó ń tún fóònù ṣe. Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, ó ń bọ̀ láti ọjà, àpò iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó sì gba orí sílábù gọ́tà torí pé ọkọ̀ ti dí títì. Láàrin sílábù méjì, àlàfo kan wà tó tó ìka mẹ́ta. Omi pupa bo ojú rẹ̀, kò rí i. Táyà iwájú wọ ibẹ̀, ó dúró gbagidi, kẹ̀kẹ́ sì dojú dé síwájú. Aláta kan àti ọmọ ọlọ́kadà méjì ló gbé e dìde. Kò fara pa, ṣùgbọ́n fóònù oníbàárà mẹ́ta ló wọ gọ́tà lọ́jọ́ náà. Ó san owó méjì, ẹnì kẹta dárí jì í.

Nítorí ìka mẹ́ta yẹn ni mo ṣe jókòó fi àwọn ohun ìbòrí mẹ́ta wé ara wọn.

*Sílábù* ni gbogbo bíríkìlà mọ̀. Wọ́n á dà á sílẹ̀ pẹ̀lú irin nínú, wọ́n á fi gbẹ, wọ́n á gbé e bo gọ́tà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé èèyàn méjì lè gbé e kúrò láti kó ìdọ̀tí. Àléébù rẹ̀ wà lára àǹfààní náà: ẹni tó gbé e kúrò kì í sábà dá a padà bó ṣe wà. Ó ń mì, etí rẹ̀ ń gé, àlàfo ń fẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá gbé e lé orí ògiri gọ́tà lásán, ó tún máa ń ga ju ilẹ̀ lọ, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kò sì ní rí ibi gùn ún.

*Irin onítò* ni èyí tí wẹ́dà ń jó, ọ̀pá irin tẹ̀lé ọ̀pá irin. Omi ń gbà á wọlé fàlàlà, ẹ ó sì máa rí ìdọ̀tí nínú rẹ̀ láì gbé e. Ṣùgbọ́n àlàfo tí àwọn wẹ́dà wa ń fi sí i máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5. Ìlànà Amẹ́ríkà kò gbà ju mìlímítà 13 lọ, ó sì ní kí àwọn ọ̀pá irin náà dábùú ọ̀nà tí èèyàn ń gbà, kí wọ́n má nà gbọọrọ sí ibi tí táyà ń kọjú sí. Ọ̀rọ̀ dídábùú yìí ni kí ẹ tẹnu mọ́ fún wẹ́dà yín, torí pé nínà ló rọrùn fún un láti jó. Ìṣòro kejì ni àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ìbòrí irin tí ẹ tò lọ́jọ́ Àìkú lè má bá yín di ọjọ́rú.

*Páìpù tàbí kọ́bàtì bíbò pátápátá* ló dùn ún wò jù, òun náà ló sì dùn ún gùn jù. Kò sí àlàfo, kò sí ohun tó ń mì. Àmọ́ ọ̀rá píọ́wọ́tà àti iyanrìn pupa tí òjò ń wọ́ bọ̀ láti orí òkè ni ọ̀tá rẹ̀. Nígbà tó bá dí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí omi yóò fi wọ ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá yàn án, ẹ fi ẹnu ihò ìkódọ̀tí sí i ní ilé mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ sì ti mọ ẹni tó máa kó o.

| | Sílábù | Irin onítò | Páìpù bíbò |
|---|---|---|---|
| Kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ | Ó dára bí àlàfo kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ | Ó léwu àfi bí irin bá dábùú, tó sì sún mọ́ra | Ó dára jù |
| Ọ̀pá funfun àti igi abẹ́ apá | Ó dára bí kò bá mì | Ẹnu ọ̀pá ń há sí i | Ó dára |
| Kíkó ìdọ̀tí | Èèyàn méjì, ìkọ́ irin méjì | Ó rọrùn | Ó nira |
| Olè | Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ | Wọ́n ń jí i | Kò sí ohun tí wọ́n lè jí |
| Owó | Kò wọ́n | Ó wọ́n díẹ̀ | Ó wọ́n jù |

Sílábù ni mo dìbò fún, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó gbé ẹ̀gbọ́n mi ṣubú. Ohun tó yí padà ni pé a ní kí bíríkìlà gé ìjókòó sí orí ògiri gọ́tà, kí sílábù wọ inú rẹ̀, kí ojú rẹ̀ bá ojú ògiri dọ́gba. Bí ó bá ti jókòó sínú ilé rẹ̀ báyìí, kò ní mì, kò sì ní yẹ̀. Ihò tí wọ́n fi ń gbé e wà ní ìhà ṣọ́ọ̀bù, níbi tí táyà kì í sábà gbà. Irin onítò kan ṣoṣo ni a lò, níbi tí omi ti pọ̀ jù, a sì jó o mọ́ irin tó wà nínú ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ jí i yóò kọ́kọ́ wó gọ́tà.

Ojú ilẹ̀: ẹ má jẹ́ kí ẹwà tàn yín

Ilẹ̀ pupa tí wọ́n kì mọ́lẹ̀ kò burú nínú ẹ̀ẹ̀rùn, yàtọ̀ sí eruku. Òjò àkọ́kọ́ ní oṣù kẹrin ló ń tú àṣírí rẹ̀. Ilẹ̀ wa kò tẹ́jú, omi ń sáré, ó sì ń gé ilẹ̀ bí ọ̀bẹ. Fún ọ̀nà kúkúrú tó wọ agbo ilé, ẹ lè fi sílẹ̀. Fún títì tó lọ sí ọjà, rárá.

Ọ̀dà ni táyà fẹ́ràn jù. Ó dán, kò sì ní oríkèé. Ṣùgbọ́n fún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, ta ni yóò gbé ẹ̀rọ ọ̀dà wá láti ọ̀nà jíjìn? Bí wọ́n bá sì fi ọwọ́ dà á, etí rẹ̀ máa ń fọ́ bí àkàrà.

Intalọ́ọ̀kì rẹwà lóòótọ́, ó sì ní ohun rere kan tí àwọn yòókù kò ní: bí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ fún páìpù omi, wọ́n lè ṣí i, kí wọ́n tún tò ó padà. Ẹ gùn ún ná. Òkúta kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gé etí rẹ̀ ń gbá táyà kékeré, kò-kò-kò-kò, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti fara pa rí kò ní gbàgbé rẹ̀ lálẹ́. Lẹ́yìn òjò méjì, bí iyanrìn abẹ́ rẹ̀ bá ti ṣàn, àwọn kan á rì, àwọn kan á yọrí. Bí ọkàn yín bá ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ yan èyí tí wọn kò gé etí rẹ̀, kí ẹ sì fi kọnkéré há a ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Kọnkéré ni a yàn. Ọbàjánà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì, kò jìnnà sí wa, sìmẹ́ńtì ń gba iwájú ilé wa kọjá lójoojúmọ́, títì kọnkéré tí ilé-iṣẹ́ Dangote ṣe láti Ọbàjánà wá sí Kabba sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ mọ bí kọnkéré ṣe ń gba ẹrù tírélà. Àléébù kọnkéré wà lọ́wọ́ ẹni tó dà á. Ìgbéraga bíríkìlà wa ni kí ojú kọnkéré dán bíi gíláàsì. Ọ̀gá tó bá wa ṣiṣẹ́ ti dán mítà márùn-ún àkọ́kọ́ kí n tó débẹ̀. Mo da garawa omi kan sí i, mo ní kí ó wọ bàtà rọ́bà rẹ̀ gba orí rẹ̀ kọjá.

"Mà, ta ni yóò máa da omi sí i?"

"Ọlọ́run, láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ̀ lẹ́sẹ̀ kan, ó sì lọ mú ìgbálẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: kí kọnkéré tó gbẹ, kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ líle fà á ní dídábùú, kí ìlà wẹ́wẹ́ wà lójú rẹ̀. Igi abẹ́ apá á rí nǹkan dì mú, ẹsẹ̀ ìyá àgbà náà á rí i. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lẹ táìsì dídán mọ́ ọn bíi ti iwájú báńkì.

Ẹ tún wò ó bóyá kò dàgẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan jù. Omi gbọ́dọ̀ ṣàn, ṣùgbọ́n bí ìdàgẹ̀rẹ́ náà bá ju mítà 2 nínú 100 lọ, kẹ̀kẹ́ á máa wọ́ lọ sí gọ́tà, apá kan ni ẹni náà á sì máa fi jà á títí dé ilé.

Ohun tí táyà fẹ́ ni ọ̀pá funfun kọ̀

Ibí yìí ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ jù. Mo ti rò pé bí a bá ti sọ gbogbo ilẹ̀ di pẹrẹsẹ, ó parí. Tíṣà àgbà kan wà ní àdúgbò wa tó ti fẹ̀yìntì, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ó ń dá rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Mo lọ fún un ní ìròyìn ayọ̀ pé a máa bo gọ́tà láti òkè délẹ̀. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó wá bi mí pé:

"Ó dára, ọmọ mi. Kí ni ọ̀pá mi yóò wá máa tẹ̀lé?"

Ògiri gọ́tà ni Bàbá Tíṣà ti ń fi ọ̀pá tọ́ lọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ohun tí àwa ń pè ní ewu, òun ni ojú ọ̀nà tiwọn.

Àwọn òyìnbó náà ti fi orí gbá èyí. Ní Exhibition Road ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ná owó ńlá láti mú etí títì (ìgbásókè kékeré tó pààlà láàrin títì àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀) kúrò, kí ọkọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ máa gba ojú ilẹ̀ kan náà. Àwọn afọ́jú figbe ta, torí wọn kò mọ ibi tí ọ̀nà tiwọn parí sí mọ́. Ní ọdún 2018, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wọn dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró ná. Àwa tí a kò ní etí títì láti ilẹ̀ wá, a ti ṣe ohun tí Lọ́ńdọ̀nù sanwó fún, lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, ẹ fi etí sílẹ̀ láàrin ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti títì. Ìwádìí kan tí University College London ṣe ní ọdún 2009 rí i pé bí etí náà bá ga tó mìlímítà 60, afọ́jú á mọ̀ ọ́n dájú. Tiwa ga ní sẹ̀ǹtímítà 10, torí ọlọ́kadà tí kò rí ohun tó dá a dúró, orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ló máa sọ di ọ̀nà àbùjá. A dá ihò sí abẹ́ etí náà káàkiri kí omi títì lè wọ gọ́tà.

Níbi tí wọ́n ti ń sọdá ńkọ́? Ọ̀nà méjì ló wà: kí ẹ sọ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kalẹ̀ bá títì, tàbí kí ẹ gbé títì sókè bá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, òfin tí ọ̀pọ̀ ayé ń lò ni pé fún sẹ̀ǹtímítà 1 ní gíga, kí ìdàgẹ̀rẹ́ gùn tó 12. Etí tiwa tó ga ní 10 nílò 120. Ẹ kò nílò ìwé kankan láti mọ̀ ọ́n: ẹ gé pákó tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ẹ fi léfẹ́ẹ̀lì bíríkìlà sórí rẹ̀, ẹ gbé ìdí kan lé ibi tó ga, ẹ gbé ìdí kejì dání títí léfẹ́ẹ̀lì yóò fi sọ pé pákó tẹ́jú, ẹ wá wọn àlàfo tó wà lábẹ́ ìdí kejì. Bí ó bá ju 10 lọ, kí bíríkìlà tún un ṣe. Bí ibẹ̀ bá gùn, bí ìgbà tí ọ̀nà ń gun òkè, 6 ni kí ẹ máa wá, kí èyí di 1 nínú 20, torí apá èèyàn kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ọ̀nà tiwa kò fẹ̀ tó 120, ìdàgẹ̀rẹ́ náà kò lè dábùú rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni a jẹ́ kí ó rọra sọ̀ kalẹ̀ láti apá ọ̀tún àti apá òsì, kí ó pàdé níbi pẹrẹsẹ kan ní ìsàlẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n omi fẹ́ràn ibẹ̀ náà. Ẹ fi ibi tí omi ń bá wọlé sí òkè rẹ̀, kí ó má tíì débẹ̀ kó tó rí gọ́tà.

Gbígbé títì sókè, ìyẹn bọ́ǹpù gbooro tí orí rẹ̀ tẹ́jú, dára jù lójú mi ní títì àdúgbò. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ń sọdá láì sọ̀ láì gùn, omi kì í dúró síbẹ̀, ọlọ́kọ̀ á sì rọra bó fẹ́ bó kọ̀. Aláàrù tó ń ti báàrò ìṣu ló kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, kì í ṣe akàndá ẹ̀dá kankan.

Ọ̀nà méjèèjì ló mú etí kúrò, a sì ti padà sí ìbéèrè Bàbá Tíṣà. Ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Seiichi Miyake, ló dáhùn rẹ̀. Òun ló ṣe bíríkì tí ẹsẹ̀ àti ọ̀pá lè kà, wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sí ìlú Okayama ní oṣù kẹta ọdún 1967, nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú. Irú méjì ló wà. Èyí tó ní ìlà gbọọrọ ń sọ pé máa lọ, èyí tó ní kókó róbótó ń sọ pé dúró. Èyí tó gùn gbọọrọ ṣe é fi sílẹ̀ ní ìlú wa bí etí bá wà tí ọ̀pá lè tẹ̀lé. Oníkókó kò ṣe é fi sílẹ̀.

Kò sí níbi tí wọ́n ti ń tà á ní Kabba, a sì ṣe é fúnra wa. Kafíńtà gbẹ́ ihò róbótó sójú pákó, fífẹ̀ rẹ̀ bí ìdérí ìgò mínírà, ìjìn rẹ̀ mìlímítà 5. A da sìmẹ́ńtì àti iyanrìn kíkúnná sí i. Ìgbà àkọ́kọ́, nígbà tí a ṣí i, gbogbo kókó náà ló kù sínú pákó, bíríkì jáde pẹlẹbẹ. Bíríkìlà wo mí, mo wo kafíńtà. Ìgbà kejì, a fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù ra pákó kí a tó dà á, a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kẹta. Kókó mẹ́rìnlélọ́gọ́ta jáde, méjì péré ló gé. Bàbá Tíṣà fi bàtà tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ọ̀pá gbá a lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ohun tó ń wí.

A kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ òféfèé, torí ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì ń rí díẹ̀díẹ̀. Nínú ọyẹ́, eruku pupa sọ ọ́ di àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ilẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fi owó ìgbálẹ̀ sínú ètò yín.

Afárá ẹlẹ́sẹ̀

Bàbá tó fẹ́ afárá kò tíì jáwọ́, mo sì mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ọ̀nà Lọ́kọ́jà, ti Òkénè, ti Èkìtì àti ti Ẹ̀gbẹ̀ sí Ìlọrin, Kabba ni wọ́n ti ń pàdé, tírélà kì í sì í sinmi. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò. Kí tírélà tó lè gba abẹ́ afárá, afárá náà ní láti ga tó mítà 5 ààbọ̀. Ní 1 nínú 12, ìdàgẹ̀rẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi yóò fi ọwọ́ yí gùn jẹ́ mítà 66, láì ka ibi ìsinmi mọ́ ọn. Yóò tún sọ mítà 66 kalẹ̀ lódìkejì, gbogbo rẹ̀ láti sọdá títì tí kò fẹ̀ tó mítà 10. Bí afárá náà bá jẹ́ àtẹ̀gùn nìkan, a kò ṣe é fún un rárá.

Ibi ìsọdá orí ilẹ̀, pẹ̀lú bọ́ǹpù gbooro, iná, àti ibi ìdúró kékeré láàrin títì, ló wúlò jù. Ṣùgbọ́n títì ìjọba àpapọ̀ nìyẹn. Àdúgbò kò lè fún ara rẹ̀ láṣẹ láti da bọ́ǹpù sí i. Ìwé ni kí ẹ kọ. Ohun tí ẹ lè ṣe fúnra yín ni kí ẹ má jẹ́ kí kíóósì tàbí ọkọ̀ wà nítòsí ibi ìsọdá, kí adití lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ tí kò lè gbọ́, kí awakọ̀ náà sì rí ẹni tó jókòó sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́.

Bí ẹ bá ń kọ ìwé náà, ẹ dárúkọ òfin tó ka ṣíṣe ẹ̀tanú sí àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019. Kì í ṣe ilé nìkan ló sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó dárúkọ ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ibi ìsọdá títì, pé kí wọ́n wà ní ipò tí oníkẹ̀kẹ́ àti afọ́jú lè lò. Ọdún márùn-ún ló fún àwọn ilé àti ohun gbogbogbòò tó ti wà tẹ́lẹ̀ láti ṣàtúnṣe, ọdún márùn-ún náà sì pé ní 2024.

Bí owó kò bá tó

Owó kò tó. Tiwa kò tó.

Àríyànjiyàn tó kẹ́yìn ni bóyá kí a pín in yíká: ibi ìdàgẹ̀rẹ́ kan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan níwájú mọ́ṣáláṣí, ọ̀kan ní ọjà, ọ̀kan ní ilé ìwòsàn, kí gbogbo èèyàn lè rí tiwọn. Tàbí kí a fi gbogbo rẹ̀ ṣe ẹ̀gbẹ́ kan títì láì já. Mo ní kí wọ́n bi ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ìdàgẹ̀rẹ́ mẹ́rin tí gọ́tà ṣíṣí wà láàrin wọn, ibi mẹ́rin tí òun kò lè dé ni. Ẹ̀gbẹ́ kan ni a ṣe, láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì Bàbá Tíṣà sì bọ́ sí ojú ọ̀nà náà. Mọ́ṣáláṣí wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n sì ti ń rán wa létí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi wé nǹkan kan ní ìpàdé ni ẹni tí yóò máa gbé sílábù. Òjò dé, ọ̀rá dí gọ́tà, ọ̀dọ́ àdúgbò gbé sílábù mẹ́ta, wọ́n kó ìdọ̀tí, wọ́n sì fi sílábù náà sílẹ̀ gbalaja lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nísinsìnyí, ìkọ́ irin méjì tí wọ́n fi ń gbé e wà nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé sílábù á wá yá a, á sì fi fóònù rẹ̀ dógò títí sílábù yóò fi padà sí ààyè rẹ̀.